Iye Tí A Fi Ń Lé Oníbàárà: Dídíye Lé Iṣẹ́ Fífọ Ìta Ilé, àti Kíkọ Iṣẹ́ Tí A Ò Fẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró de àkọsílẹ̀ ètò yìí dípò kí ẹ gbọ́ ọ. Mo mọ̀ yín. Ẹ ti sọ fún mi pé dátà wọ́n, ẹ sì ti sọ fún mi pé mo máa ń yára sọ̀rọ̀ jù. Ó dáa, ẹ jókòó, ẹ kà á.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ la wà lórí ẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A ti sọ ti àwọn télọ̀, a ti sọ ti àwọn tó ń se oúnjẹ òde. Iṣẹ́ tòní, èmi fúnra mi mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó: fífọ ìta ilé. Ògiri, páànù, íńtálọ́ọ̀kì, gíláàsì fèrèsé, fẹ́ǹsì. Kí n tó dé ìdí makirofóònù yìí, ọdún méjì ni mo fi bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe iṣẹ́ náà n'Íbàdàn, lẹ́yìn tí mo parí àgùnbánirọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pè mí síṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹ̀rọ, òun ló ń gun àkàsọ̀. Èmi ni mo ń di rọ́bà omi mú. Èmi náà ni fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, torí wọ́n ní èmi ni mo lọ yunifásítì, kí n máa bá àwọn èèyàn ńlá sọ̀rọ̀. Gbogbo iye tí a bá pè fún oníbàárà, ẹnu mi ló ti ń jáde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà: tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, láti bí oṣù kẹrin lọ, ara ògiri àti íńtálọ́ọ̀kì á máa mú àwọ̀ ewé, á sì máa yọ̀. Mo ti rí ìyá àgbà tó ṣubú nínú ọgbà ara wọn torí ẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo gíláàsì àti páànù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní pressure washer la fi ń bá a jà. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan wé e fún yín. Atẹ́gùn inú táyà mọ́tò kékeré máa ń wà ní bí 30 sí 35 nínú òṣùwọ̀n PSI. Ẹ̀rọ alépo tí àwa ń lò ń ti omi jáde ní 2,500, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi yẹn lè bó ọ̀dà, ó lè hú yanrìn tó di àárín íńtálọ́ọ̀kì mú, ó sì lè gé èèyàn lára. Torí ẹ̀ ni a kì í fi í kọjú sí ògiri ọlọ́dà. Bílíìṣì tí a po mọ́ omi àti ọṣẹ la máa ń wọ́n síbẹ̀, a ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ó wá fi omi ṣàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òdòdó tó bá wà nídìí ògiri, a ó ti kọ́kọ́ bu omi rin ín kí bílíìṣì má baà pa á.

Ẹni tó ń wò wá láti ìta á ní omi lásán la ń tú. Ibẹ̀ ni ìjà iye owó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye yìí o, ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò wọn. Ọgbà kan, íńtálọ́ọ̀kì àti fẹ́ǹsì, ẹ̀yin àti ọmọṣẹ́ kan, àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Epo lítà mẹ́jọ ní ₦1,000 lítà kan, ₦8,000. Kẹ́ẹ̀gì bílíìṣì kan, ₦12,000. Owó ọmọṣẹ́, ₦10,000. Míkírà tó máa gbé ẹrù lọ tó máa gbé e bọ̀, ₦7,000. Oúnjẹ àti omi mímu, ₦4,000. Ó ti di ₦41,000. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró sí. A ó fi ₦10,000 lé e, a ó ní a ti jèrè.

A ò tíì jèrè. Ẹ̀rọ ń gbó. Tí ẹ bá rà á ní ₦400,000, tí ẹ sì gbà pé á ṣiṣẹ́ fún 200 ọjọ́ kó tó dẹnu kọlẹ̀, ó ti jẹ ₦2,000 lọ́jọ́ yẹn láìsọ fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, owó àbẹ̀wò. Ní tiwa, ọgbà mẹ́ta la máa ń lọ wò kí ẹnìkan tó gbà. Tí ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ bá jẹ́ ₦2,000 lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ kan tó bọ́ sí i gbọ́dọ̀ san ti ara ẹ̀ àti ti méjì tí kò bọ́ sí i: ₦6,000. A ti dé ₦49,000, ẹ̀yin tí ẹ ni iṣẹ́ ò tíì fẹnu kan nǹkan kan.

Ibi tó kàn yìí ló ṣì mí lọ́nà jù. Tí ẹ bá ń wá iye tí ẹ máa san fún ara yín lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe mú owó oṣù tí ẹ fẹ́ kí ẹ pín in sí ọgbọ̀n. Òjò á gba ọjọ́ tiẹ̀. Ẹ̀rọ á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Oníbàárà á pè láàárọ̀ pé àlejò dé bá òun, kí a sún un síwájú. Nínú ìwé wa, ọjọ́ méjìlá lóṣù ni a sábà ń fi owó wálé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ₦240,000 lóṣù, méjìlá ni kó pín in sí: ₦20,000 lọ́jọ́. Ẹ ròó pọ̀, ₦69,000. Ẹ fi ₦7,000 sí i fún ọjọ́ tí gíláàsì bá fọ́ tàbí tí rọ́bà bá bẹ́, ₦76,000. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé nìyẹn. Tí wọ́n bá ń ná an, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá tún sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòtò ló ń gbẹ́ fún ara ẹ̀.

₦45,000 ni àwa ń gbà lórí irú iṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó ṣe ìṣirò náà. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, a ṣì ń ra lítà kan ní nǹkan bí ₦190. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó wọ bí ₦500. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Owó epo sáré, iye tí mo ń pè ń rìn bí ìgbín, torí ojú ń tì mí. Mo máa ń gbọ́ ìdáhùn oníbàárà létí mi kí n tó lanu: "Torí omi?" Bẹ́ẹ̀ ni sà, torí omi.

Ìyẹn ni ti iṣẹ́ tí a fẹ́. Ti èyí tí a ò fẹ́ ló gbé mi wá lónìí.

Ó pọ̀. Ilé alájà mẹ́ta tí kò sí ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ àkàsọ̀ lé, tí wáyà iná tún gba iwájú ẹ̀ kọjá. Ẹni tó máa ń ní "ẹ ṣe é ná, a jọ wà níbí, màá ṣètò yín." Ẹni tó ra ásíìdì kalẹ̀ dè wá, tó ní kí a po ó mọ́ bílíìṣì kí táìlì lè tètè funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé, yálà níta tàbí nínú balùwẹ̀ yín. Gáàsì klórìn ló máa ń tú jáde níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n tú sára àwọn ọmọ ogun ní Ypres ní Belgium ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Àti ọ̀rẹ́ ìyá yín, tó jẹ́ pé àwọn ló gbé yín pọ̀n.

Báwo la ṣe ń kọ iṣẹ́ fún irú àwọn wọ̀nyí? A kì í kọ̀ ọ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, ọmọ kì í wo ojú àgbà kó ní "rárá". A wá ní ọgbọ́n kan tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀: a ó pe iye tó ga débi tí oníbàárà á fúnra ẹ̀ sá lọ. Àwa ò kọ̀, òun ni kò lówó. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an gbóná nídìí ẹ̀. Tí mo bá ti wo iṣẹ́ kan tí kò wù mí, màá na iye náà sókè bí ẹni na àsíá, oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á ní òun máa pè mí padà. Kì í pè.

Títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá ọdún kan.

Ìdílé kan pè wá. Bàbá wọn ti lọ, òkú àgbà, ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Asbestos ni wọ́n fi kan ilé bàbá náà láti ìgbà tí bàbá ti kọ́ ọ, páànù eléérú tó nípọn tó máa ń rí bí sìmẹ́ńtì yẹn. Ó ti dúdú, ewé ti hù sí i. Wọ́n fẹ́ kó funfun kí àwọn àna tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè wò ó, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní òun ò ní gun ìyẹn.

Ìdí méjì ló ní. Àkọ́kọ́, asbestos tó ti gbó kì í gba èèyàn dúró. Irin á tẹ̀, á ké kí ẹ tó já. Èyí ò ní ké. Ìkejì, inú páànù yẹn kún fún òwú tínínтín tí ojú lásán ò lè rí. Tó bá wà ní jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, wàhálà ẹ̀ kéré. Àmọ́ tí ẹ bá fi omi alágbára lù ú, tàbí tí ẹ há a, tàbí tó bá fọ́, òwú náà á fò sínú afẹ́fẹ́ àti sínú ilẹ̀ ọgbà. Tí èèyàn bá fà á símú, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún tàbí ogójì ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí irú asbestos tí kò lè fa jẹjẹrẹ. Ọdún 1999 ni ìjọba Bìrìtìkó fòfin de lílò ẹ̀ pátápátá.

Gbólóhùn kan ló yẹ kí n sọ: "Ẹ má bínú sà, a kì í fọ asbestos." Àmọ́ àkọ́bí olóògbé náà tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Wọ́n ti gbé mọ́ọ̀tì tútù fún wa. Ojú wọn pọ́n fún ẹkún. Mo wá ṣe ọgbọ́n mi. Páànù lásán tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ₦90,000 la máa ń gbà. Mo ní ₦350,000 ni.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọn ò ná an. Wọ́n ní kí n pe nọ́ńbà àkáǹtì. A ò tíì dé Mọ́kọ́lá tí álẹ́ẹ̀tì fi wọlé, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù náà, ó wò ó pẹ́. Owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. Ó ní, "Wọ́n ti sanwó. Kí la tún fẹ́ sọ fún wọn?" Mo sì mọ̀ pé mo lè dá owó náà padà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Mi ò dá a padà.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, ó gùn ún. Ó tẹ́ pákó kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má baà kan páànù ní tààràtà. Níbi tó ti fẹ́ sún pákó náà síwájú ni ẹsẹ̀ kan ti yà. Èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́. Ohùn kan báyìí, bí ìgbà tí àwo fọ́, mi ò sì rí i mọ́. Ó já sórí sílìn, sílìn já, ó balẹ̀ sínú yàrá láàárín àwọn àga tí wọ́n rẹ́ńtì fún ìnáwó. Ọrùn ọwọ́ ṣẹ́, egungun ìhà méjì sán. Ó yè. Ó ṣì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ló gba inú òrùlé wọ ilé olókùú.

Mo jẹ́ẹ̀jẹ́ ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà, torí ìṣirò ni iṣẹ́ mi. Owó ilé ìwòsàn, ₦165,000. Páànù àti sílìn tí a bá wọn tún ṣe, ₦85,000. A dá ₦200,000 padà torí a ò parí iṣẹ́. ₦450,000 jáde, ₦350,000 wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi ò fi ṣiṣẹ́, ní àsìkò ọdún tí gbogbo èèyàn ń fọlé. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọjọ́ méjìdínlógún, ní ₦20,000: ₦360,000. Iṣẹ́ tí a ò fẹ́ ṣe gba ₦460,000 lọ́wọ́ wa. Eruku tó wà nínú yàrá yẹn nígbà tó ń gbìyànjú àtimí, ìyẹn ò sí nínú ìwé. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn.

Èyí ni mo rí kọ́, mo sì ti fi bá àwọn oníṣẹ́ míì jiyàn. Iye owó tí ẹ bá pè, ìlérí ni. Ẹ ti ní "tí ẹ bá fún mi ní èyí, màá ṣe é." Ẹ ò lè pè é bí ẹ̀tàn kí ẹ wá retí pé oníbàárà á mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ẹni tó ní òkú lọ́rùn ò ráyè ka ojú yín. Ẹni tó lówó ò ní ìdí láti rò pé ó wọ́n jù. Àwọn tó máa gba iye yẹn gan-an ni àwọn tí ọ̀ràn náà ká lára jù, àwọn yẹn ló sì ṣòro jù lọ láti padà lọ bá pé a ti yí ọkàn padà.

Mi ò sọ pé kí ẹ má pe iye ńlá o. Gbọ̀ngàn kan wà tó máa ń pè wá láago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé, kí a fọ íńtálọ́ọ̀kì kí ìnáwó ọjọ́ Àìkú tó bẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po méjì la ń gbà. Tí wọ́n bá gbà, inú wa á dùn, a ó mu kọfí, a ó lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju ìbéèrè kan lọ, tí mo máa ń bi ara mi kí n tó lanu: tí èèyàn yìí bá ní "ó dáa, ẹ wá lọ́la" báyìí-báyìí, ṣé inú mi á dùn àbí àyà mi á já? Tí àyà bá máa já, kò sí iye tó yẹ iṣẹ́ yẹn. Ẹ má pe iye kankan.

Ẹ wá kọ̀ ọ́. Báwo? Ẹ jẹ́ kó kúrú. "Ẹ ṣé gan-an tí ẹ pè wá, mà. A kì í fọ páànù asbestos. Ẹ má bínú." Kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló le jù. Ọmọ Yorùbá ò lè fara da a, á fẹ́ fi àwáwí dí i. Tí ẹ bá ní àyè ò sí lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á ní àwọn á dúró. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ bàjẹ́, wọ́n á ní àwọn mọ mẹkáníìkì. Gbogbo àwáwí ló ṣeé ná. "A kì í ṣe é" ni kò ṣeé ná.

Ẹ sì lè kọ apá kan kí ẹ gba ìyókù. Èyí ló ń dùn mí jù. Ilé yẹn ní fẹ́ǹsì, ó ní íńtálọ́ọ̀kì, ògiri iwájú ẹ̀ dọ̀tí. Mo lè ní, "Sà, òrùlé ò ní ṣeé fọ̀, ó léwu fún gbogbo ilé. Àmọ́ a lè jẹ́ kí ibi tí ojú àlejò máa dé mọ́ tónítóní." Ta ló ń wo òrùlé níbi ìnáwó? Iṣẹ́ ọjọ́ kan, ₦76,000, àwa náà ì bá sì jẹ ìrẹsì òkú ní ọjọ́ Ẹtì.

Ti ẹni tó ń ní "ẹ ṣe é ná": ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹrù tó wọ Míkírà. Nínú ₦76,000, ₦45,600 nìyẹn. Ó kájú ₦41,000 tó máa jáde lápò yín lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá lè san ìyẹn, ó ti bá yín kọ iṣẹ́ náà.

Ti ọ̀rẹ́ ìyá yín, èrò tèmi le díẹ̀. Ọ̀fẹ́ pátápátá, tàbí iye kíkún. Tí ẹ bá gba ìdajì, wọn ò ní rántí pé ìdajì ni, iye yín nìyẹn láti òní lọ, wọ́n á sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ tí ẹ bá ní "Mà, ₦76,000 ni iṣẹ́ yìí, ẹ̀bùn ọdún tiyín ni," wọ́n á gbàdúrà fún yín, wọ́n á sì fi iye náà ròyìn yín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún o.

Ẹnìkan bi mí bóyá a lè darí iṣẹ́ tí a kọ̀ sí ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló jìn, tàbí ọjọ́ ni kò bọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ẹni tó sún mọ́ wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ikú ló mú yín kọ̀ ọ́, ẹ má fi ṣọwọ́ sí ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ, tí ebi iṣẹ́ ń pa.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo kúrò nídìí rọ́bà, àmọ́ fóònù yẹn ṣì ń dún lọ́dọ̀ mi. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan pè nípa òrùlé kan. Mo bi í irú páànù tó jẹ́. Ó ní asbestos ni. Mo ní, "A kì í fọ̀ ọ́, mà. Ẹ má bínú." Ó ní iye tí mo bá pè lòun máa san. Mo ní a kì í fọ̀ ọ́. Ó pòṣé, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́, ó já ìpè náà. Gbogbo ẹ̀ ò pé ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, obìnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe máa bá wa jókòó. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́bọ̀.